GBÈSÈ TÍ A FI PAMỌ́ LÓ Ń DÀGBÀ

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, àmọ́ bí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Ẹ wo ìsọ̀ tó wà lápá ọ̀tún yín, kí ẹ wo tapá òsì. Ìsọ̀ tó kún dẹ́nu tẹ́lẹ̀, tábìlì lásán ló kù níbẹ̀ báyìí. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí ọmọ, wọn ò padà mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ni wọ́n lọ kí. Gbèsè ló lé wọn lọ. Ẹni tó dúró fún wọn nígbà tí wọ́n ń yáwó, òun ló wá ń san owó tí kò jẹ.

A ò kọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí oníṣòwò tí kì í jẹ gbèsè. Ẹni tó bá ní òun ò jẹ gbèsè rí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àná ló dé ọjà. Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló kó wa síbẹ̀. Ní 2020, àrùn Kòrónà ti ọjà pa, owó òwò la jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìjọba pààrọ̀ owó, tuntun kò tó, wọn ò gba ti àtijọ́, tòmátì ń rà lójú wa, ẹni tó fẹ́ rà á kò sì rówó gbà ní báńkì. Kí a tó mí, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ fò sókè. Nígbà tó fi di 2024, owó tí à ń fi ra àpò ìrẹsì méjì ní ọdún méjì ṣáájú, ó ń tiro kó tó ra ẹyọ kan. Ẹni tí owó òwò rẹ̀ kò lé, òwò rẹ̀ ti di ìdajì láìjẹ́ pé ó na owó ní ìná àpà. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wa ṣe lọ yáwó. Yíyá náà kọ́ ni ọ̀ràn. Ìgbà tí a bá ń yá owó Táyé san gbèsè Kẹ́hìndé ni ọ̀ràn dé.

ÌṢIRÒ TÍ A KÌ Í ṢE

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kan. Ká ní ìyá kan yá ₦200,000 lọ́wọ́ àwọn olówó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tí a máa ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtánì. Wọ́n ní kó máa san ₦10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n yọ ₦20,000 sílẹ̀ pé ó fi pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn, wọ́n tún yọ ₦5,000 owó fọ́ọ̀mù. Owó tó dé ọwọ́ rẹ̀ gan-an, ₦175,000 ni. Owó tó máa san, ₦240,000 ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ dá ₦20,000 rẹ̀ padà fún un nígbẹ̀yìn, ₦45,000 ni owó náà fi jẹ ẹ́. Kò sì ní odindi ₦175,000 lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà o, nítorí láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń dá a padà.

Ibi tó ti wá dùn wá jù nìyí. Ká ní èrè ìyá yìí jẹ́ ₦18,000 lọ́sẹ̀. Oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó ọmọ gba ₦12,000 nínú rẹ̀. Ó ku ₦6,000. Àmọ́ ₦10,000 ni wọ́n ń dúró dè. Níbo ni ₦4,000 tó kù ti máa wá? Inú ọjà ni. Á tà á, á san án, kò sì ní lè ra òmíràn dípò. Ẹ sọ ₦4,000 di ọ̀nà 24, ₦96,000 ni. Bó ṣe máa fi san tán, owó tó yá láti fi mú ìsọ̀ kún ti lọ ju ìdajì lọ. Bí ọjà bá sì ṣe ń dín nílẹ̀ ni èrè náà ń dín, nítorí náà ó lè burú ju bí a ṣe kà á yìí lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ kẹwàá tó pé, á ti lọ bá olówó kejì kó lè fi san ti ẹni àkọ́kọ́. Ó di ìkẹta, ó di owó tí wọ́n ń yáni lórí fóònù. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó yáwó tí kò rí i san a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ yẹn ni èlé, ojú owó kò sì dín ní kọ́bọ̀. Ó lè sìn fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá ló ṣì wà nílẹ̀. Ìjọba ti fòfin de ìyẹn tipẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó ń lọ sí Mile 12, tó ń tà di alẹ́, tó sì jẹ́ pé èlé nìkan ló ń fi san, ẹ sọ fún wa, kí ni ká pe òun? Ìsọ̀ rẹ̀ ti di oko olówó.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkínní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A mọ̀ pé ojú máa ń tini láti wo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Òun náà ló sì ń jẹ́ kó máa dàgbà. Ẹ ra ìwé ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ, iye tó kù, èlé orí rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ máa san án. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ yín lówó àwìn. Wọ́n ní Alájọ Ṣómolú máa ń kó àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kì í sì í ṣi owó san. Orí rẹ̀ pé. Àwa tí orí wa ò pé tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ tiwa.

Èkejì, ẹ má yá òmíràn mọ́ láti fi san ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ohun àkọ́kọ́ ni pé kó sinmi ilẹ̀ gbígbẹ́. Bí wọ́n bá pè yín pé ẹ ti ń san dáadáa, pé wọ́n fẹ́ fi kún un fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ ní ó tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀. Owó tó wà nínú àpò ìró wa nírọ̀lẹ́ kì í ṣe tiwa tán. Bí a bá ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní ₦40,000, tí a san ₦3,000 fún ọkọ̀ àti alábàárù, tí èyí tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ sì ti lọ, tí a rí ₦48,000 kó jọ, ₦5,000 péré ni tiwa níbẹ̀. ₦43,000 yẹn, ti ọjà ọ̀la ni. Ẹ wá àpò méjì. Kí ẹ fi iye kan fún ara yín lójúmọ́ bí ẹni gba owó iṣẹ́, kí ọwọ́ má tún kan ìyókù. Bí ọmọ bá béèrè owó nínú àpò kejì, ẹ sọ fún un pé owó olówó ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lọ bá olówó yín kí ọjọ́ tó pé. Púpọ̀ nínú wa, bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́lé, fóònù la máa ń pa. Ẹni tó bá pa fóònù ti sọ ara rẹ̀ di olè lójú olówó, bẹ́ẹ̀ olè kọ́. Ẹ lọ tààrà, kí ẹ mú nǹkan dání, ì báà ṣe ₦2,000. Ẹ sọ pé: ẹ jọ̀ọ́, iye tí mo lè san lọ́sẹ̀ nìyí, mi ò ní yẹ̀ ẹ́. Bó bá gbà, ẹ jẹ́ kí ó wà ní kíkọ, kí ẹ sì gba ìwé owó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá san. Olówó gbọ́n. Ó mọ̀ pé ₦5,000 tó ń wọlé lọ́sẹ̀ sàn ju ₦10,000 tó sá lọ sí Kútọnu lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ san. Èyí tí èlé rẹ̀ yára jù ni kó ṣíwájú, àti èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ wa dúró fún. Ẹ tún máa fún ẹni tí ẹ ti ń gbé ọjà ní nǹkan, bó ti wù kó kéré mọ, torí bí òun bá ti ilẹ̀kùn, òwò ti tán nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kì í gba èlé lè dúró díẹ̀, àmọ́ ẹ bẹ̀ wọ́n dáadáa, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ṣe àwáwí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan gbé e. Ìyá kan jẹ olówó ọ̀sẹ̀ ní ₦80,000, ó jẹ owó orí fóònù ní ₦30,000, ó jẹ ẹni tó ń kó ọjà fún un ní ₦60,000, ó jẹ àbúrò rẹ̀ ní ₦25,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦195,000. Ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó rí i pé àwọn kọ́sítọ́mà jẹ òun ní ₦45,000 àwìn. Ó lọ sin ín, ó rí ₦30,000 gbà, ó fi san owó orí fóònù tán lọ́jọ́ kan. Ó bẹ olówó ọ̀sẹ̀ kó dẹ̀ ẹ́ sí ₦5,000 láìsí èlé mìíràn. Nínú ₦6,000 tó ń kù fún un lọ́sẹ̀, ₦5,000 lọ síbẹ̀, ₦1,000 lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, olówó ọ̀sẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ó wá kó ₦6,000 lé èyí tó kù. Ọ̀sẹ̀ 28 péré, kò jẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Oṣù méje dín díẹ̀ ni. Ó gùn, ó sì nira, ṣùgbọ́n ó ní òpin. Ti ẹni tó ń yá òmíràn san òmíràn kò ní òpin.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹ bá ní ohun tí ẹ lè tà, ẹ tà á kí èlé tó jẹ ẹ́. Alájọ Ṣómolú náà ni wọ́n ní ó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, òun náà ni wọ́n wá ń fi ọgbọ́n rẹ̀ pòwe lónìí. Fíríìsà tí kò ríná lò, wúrà tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ṣọ́ọ̀bù kejì tí kì í mú èrè wọlé, ẹ wò ó. Kí a sì dín aṣọ ẹbí kù. Àwọn àgbà ní a kì í fi gbèsè sọ́rùn ṣọ̀ṣọ́. Ẹlẹ́wà Sapọ́n ti kọ́ wa ní Abẹ́òkúta pé ká ṣe bí a ti mọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Àwọn kan máa ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà wá. Kí ẹ mọ̀ pé Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ ni ẹni tí a jẹ lówó lè lọ, kì í ṣe àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi èyí lò o. Ẹni tó bá fún èèyàn ní ṣéèkì tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀daràn lòfin ń pè é. Ẹni tó fi irọ́ gba owó láti ìbẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ yàtọ̀.

Owó orí fóònù: àwọn kan nínú wọn máa ń fi àwòrán ẹni ránṣẹ́ sí àna, sí pásítọ̀, sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù, pé olè ni. Láti 2022 ni àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, ti ń mú kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, ní 2025 wọ́n tún ṣe ìlànà tuntun fún wọn. FCCPC máa ń gbé orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jáde. Kí ẹ tó fọwọ́ tẹ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín wò ó bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bà yín lórúkọ jẹ́, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ rẹ́, òun ni ẹ̀rí yín lọ́dọ̀ FCCPC.

Ẹni tó bá sì rò pé òun lè yá owó báńkì kí òun sá lọ ṣí àkáǹtì síbòmíràn, kó gbọ́ o. Láti oṣù kẹjọ 2020, Báńkì Àpapọ̀ ti fún àwọn ayánilówó láyè láti fi BVN wá owó wọn nínú àkáǹtì onígbèsè ní báńkì mìíràn, bó bá ti fọwọ́ sí i nígbà tó ń yá a. Kò síbi ìsápamọ́sí níbẹ̀.

Ní ti àwọn tó jẹ wá lówó àwìn tí wọn ò fẹ́ san, ìpínlẹ̀ Èkó wa ní kóòtù kékeré fún irú rẹ̀ láti 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, èèyàn sì lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìgba lọ́yà. Ká kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ná, àmọ́ ká mọ̀ pé ó wà.

LẸ́YÌN TÍ A BÁ SAN TÁN

Ẹni tó bá ti já, kó má padà. ₦6,000 tó ti mọ́ ọn lára láti máa san lọ́sẹ̀, kó máa san án fún ara rẹ̀. Alájọ á gba owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ìyókù á padà wá lódindi, tó bá jẹ́ alájọ tí a mọ ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ńkọ́? Láti 1935 ni òfin wọn ti wà ní Nàìjíríà. Owó tí a ti kó jọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yáni, èlé rẹ̀ kì í sábà ga, lọ́pọ̀ ibẹ̀, bí èrè bá sì wà lópin ọdún, a máa ń pín nínú rẹ̀. Ó ń falẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí kò tí ì fi nǹkan pamọ́, wọn ò ní yá a ní púpọ̀. Ìyẹn gan-an ni ààbò tó wà níbẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀ YÍN SÍ

Bí àwọn agbowó bá jókòó ti ìsọ̀ ẹnìkan, kí á má dúró wòran, kí á má ṣe fi kọrin. Òní lè jẹ́ tirẹ̀, ọ̀la kò ní jẹ́ tiwa láṣẹ Olúwa, àmọ́ a ò mọ̀la. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró fún ẹlòmíràn láìbéèrè iye tó ti jẹ níbòmíràn. Kì í ṣe ìkà, ìfẹ́ ni. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Lórí ọ̀rọ̀ gbèsè, àwa ò gba òwe yẹn wọlé sínú ọjà yìí. Owó là ń wá lọ, owó ṣì ń bẹ níwájú. Ẹni tó bá ti ń ro èrò burúkú lórí gbèsè, kó má dá rò ó, kó sáré wá bá ìyálọ́jà tàbí olórí ìlà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ̀yin olórí ìlà, ẹni tó bá sọ tinú rẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kó kú sí yín nínú.

Ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, lẹ́yìn tí a bá túká, akọ̀wé á jókòó fún wákàtí kan lọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹ mú ìwé yín wá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, a ó bá a kọ ọ́. Ẹni tó ń tijú, kó dúró kí èrò lọ tán. Bí ó bá gba pé kí ẹgbẹ́ tẹ̀lé yín lọ bẹ olówó, a ó tẹ̀lé yín. Ẹgbẹ́ ò ní owó tó máa fi san gbèsè gbogbo èèyàn, a ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹnu ẹgbẹ́ tó ohun tí wọ́n ń gbọ́.

 

Akọ̀wé, fún gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́